Bí a ṣe ń gbé kálípà V6 sórí Hilux àtijọ́

Hilux 1979 sí 1985, èyí tí àáṣì iwájú rẹ̀ jẹ́ odindi irin, bírékì rẹ̀ kì í ká a mọ́ tí ẹ bá ti kó táyà ńlá sí i. Kálípà ni irin tó ń fún dísìkì, ìyẹn àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró. Ti Toyota 4Runner V6, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà, ni mo máa ń fi rọ́pò ti Hilux náà. Ihò bóòtì wọn bára mu. Tí ẹ bá dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ẹ wo rọ́bà píísìnì (irin tó ń yọ láti inú kálípà láti ti páàdì) dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tó bá ti ya, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì, kì í ṣe jáàkì nìkan. Páànù ẹ̀yìn dísìkì á dí kálípà lọ́wọ́: ẹ máa gé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gbé e wò. Ẹ jọ̀ọ́, kálípà tí wọ́n ṣe fún dísìkì nínípọn, ẹ má gbé e sórí tínrín. Píísìnì á yọ jáde jù.

Ibi tí mo ti ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí: imú tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè. Tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ ti gbé tọ̀tún sí òsì nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á há sínú, pẹ́dáà á sì máa rì.

Ẹ tú afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì bírékì gbẹ nínú ike tí a ń dà á sí. Ẹ tẹ pẹ́dáà títí á fi le kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.