Owó Dírẹ́bà Lọ́nà Àgbádárìgì, Nítorí Igi Tó Ti Wó

₦70,000 lèmi àti dírẹ́bà jọ fẹnu kò sí, àlọ àti àbọ̀, kó sì dúró dè wá. Nígbà tá a fi padà dé Ìkẹjà, ₦95,000 ló ti gbà lọ́wọ́ mi. Èmi náà ni mo tún ra omi tí ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Àwọn ọmọ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé pé abẹ́ igi Agia, ní Àgbádárìgì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù Ìhìnrere nílẹ̀ yìí, àbíkẹ́yìn mi wá yarí pé àfi kóun fojú rí igi náà. Mo ṣàlàyé fún un pé igi ti wó láti ọdún 1959, pé òpó ìrántí ló kù níbẹ̀. Ó ní kò burú, òun á wo ibi tó dúró sí. Màmá mi gbọ́, wọ́n láwọn náà ń bọ̀. Bí a ṣe háyà bọ́ọ̀sì nìyẹn, torí mọ́tò mi ò lè gbà wá tán.

A kọjá Mile 2, a kọjá Òkòkòmàíkò, kò sí wàhálà. Nígbà tá a sún mọ́ Àgbárá la kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ni èéfín bá ń rú níwájú ọkọ̀. Dírẹ́bà ní, “Dádì, kò sí nǹkan kan, ó kàn gbóná ni.” Mo wo gééjì tó yẹ kó sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó: abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mira rárá. Ta ló mọ ìgbà tó ti kú.

Ó páákì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú àkísà, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀, níbi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbà, lójú ẹsẹ̀! Mo jágbe mọ́ ọn. Omi tó ń hó nínú ohun tí wọ́n dé pinpin, tí wọ́n bá ṣí i lójijì, ojú èèyàn ló máa bó. Ó fajú ro, àmọ́ ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó tutù tó sì ṣí i, gbígbẹ ló gbẹ. Mo ra odidi báàgì píọ́ wọ́tà kan, à ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń dà á sí i. A gbéra, a ò tíì rìn jìnnà tí èéfín tún fi dé.

Ìgbà yẹn ni mo wò ó dáadáa pé fáànù ò yí. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí rédíétọ̀. Inú gosìló ni fáànù ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ ti kú ni dírẹ́bà gbé wá sọ́nà Àgbádárìgì! Ó pe rẹ́wáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, èyí tó ní òun ti ń bọ̀, tí kò sì tètè dé. Oòrùn mú. Màmá jókòó sábẹ́ agbòòrùn ẹni tó ń ta káàdì, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí.

Kí n yin ara mi níbì kan: èmi ni mo fi ìtàn mú àwọn ọmọ dúró. Mo sọ fún wọn bí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman ṣe dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì bíi tiẹ̀, tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá, tí wọ́n fi jọ ṣe Kérésì ọdún yẹn ní Àgbádárìgì. Ọmọ mi àgbà ní àwọn yẹn ò háyà bọ́ọ̀sì.

Rẹ́wáyà dé, ó bá wáyà tó já, ó tún ní mọ́tò fáànù ti jóná, àfi ká ra tòkúnbọ̀. Dírẹ́bà dọ̀bálẹ̀: “Dádì, ẹ fi ₦25,000 gbé mi dìde, àá yọ ọ́ kúrò nínú owó yín.” Mo san án. Nígbà tá a dé ilé, ó ní owó ìdúró nìyẹn. Ìdúró wo? Ìdúró tí fáànù rẹ̀ fà?

A ṣáà dé Àgbádárìgì. A rí òpó ìrántí, a ya fọ́tò, àbíkẹ́yìn mi sì béèrè ìdí tí wọn ò fi gbin òmíràn. A dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, pàápàá nígbà tí wọ́n dárúkọ Àjàyí Crowther. Àmọ́ dírẹ́bà ti ń fọn fèrè níta.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má san ju ìdajì lọ kó tó wọkọ̀. Kó ní kí dírẹ́bà tan ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ dúró sójú kan títí yóò fi gbóná, kó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé fáànù yí. Kó fi àdéhùn ìdúró ránṣẹ́ sórí fóònù, kó má gba “a jọ mọ̀ ọ́n.” Ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ láyé àtijọ́, a ò wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ ni mo fi ra fáànù.