Bí a ṣe ń ṣọ́ owó ìpolongo ìbò ní wọ́ọ̀dù

Èmi ni akápò ìpolongo olùdíje kan fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ní Òmù-Àrán lọ́dún 2023. Ẹ ó rántí bí owó bébà ṣe wọ́n nígbà náà, tí wọ́n tún sún ìbò wa láti 11 sí 18 oṣù kẹta. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni olùdarí wọ́ọ̀dù wa sọ pé báńkì kò fún òun lówó. Ọlọ́kadà méje tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbé èrò fún wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ gbá orúnkún, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìbò la tó gbọ́ pé owó ti dé ọwọ́ olùdarí tipẹ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ pè wá sí pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ọmọ wa ni, ká bò ó mọ́ra. Ibẹ̀ ló parí sí. Ó dùn mí wọ eegun, torí mi ò ní bébà kan tó fi hàn pé owó wọlé.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fa ọ̀kan ya. Bí owó bá dé, ẹ tú u sórí ẹní, ẹ kà á lójú ẹni méjì, kí ẹni tó gbé e wá fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago. Ẹ má fọwọ́ sí owó tí ẹ ò kà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló gbé e wá. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì oníkánópì àti ti atẹ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta. Ọlọ́kadà kì í já rìsíìtì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, kó tẹ̀ka.

Bí owó bá dín, ẹ má lọ sí pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ má kọ “olè” síbẹ̀. Iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tí a ò rí: ó tó. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wí tẹnu rẹ̀.

Òfin Ìdìbò 2022, tí wọ́n fi ṣe ìbò wa nígbà náà, ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú kó ìṣirò ìnáwó ìbò fún INEC láàárín oṣù 6 lẹ́yìn ìbò, kí aráàlú sì lè wò ó ní ọ́fíìsì INEC ní ìpínlẹ̀. Tiwa wà n'Ílọrin. Bí wọ́n bá dá yín padà, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ìtanràn. Nígbà ìbò wa, Òfin Ìdìbò 2022 fi ₦30 mílíọ̀nù ṣe òpin ìnáwó olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ nígbà náà lè san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òpin náà, ìyẹn ₦300,000, kó máa lọ sílé, bí adájọ́ ò bá fi ẹ̀wọ̀n kún un. Ẹ tún wo Joshua Dariye, gómìnà Plateau nígbà kan: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lọ́dún 2018 lórí owó ìpínlẹ̀, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí 10, ìjọba àpapọ̀ dárí jì í lọ́dún 2022. A pariwo “Ó tó gẹ́ẹ́”, igbe tí a fi lé agbo òṣèlú Saraki, ní Kwara lọ́dún 2019 títí ohùn mi fi há. Ariwo yẹn ò dé yàrá ìgbẹ́jọ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, ẹ lọ jókòó síbẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n sún un sí àti ìdí tí wọ́n fi sún un.

Ẹ̀dà ni kí ẹ máa fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìwé owó. Ìwé gangan kò gbọdọ̀ kúrò nílé yín. Tèmi wà nínú àpótí aṣọ mi, orúkọ ọlọ́kadà méjèèje wà ní ojú ewé 31.