Ẹ Má Fi Omi Pa Ìgbín Yín: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀rinrin Ilé Ìgbín

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, èèyàn mẹ́rin ló pè mí láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ọ̀kan ní Adó, ọ̀kan ní Ìkéré, ọ̀kan ní Ìjerò, ọ̀kan ní Ìkọ̀lé. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀: "Bọ̀dá, ìgbín mi ti kú tán." Mo bi wọ́n bóyá ilẹ̀ inú ilé ìgbín wọn ló gbẹ. Mẹ́ta ní rárá o, àwọn ń bu omi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó dùn mí gan-an, torí owó àjọ ni àwọn kan kó tí wọ́n fi ra ìgbín yẹn.

Èkíní: Ẹ má pe omi ní ọ̀rinrin. Inú afẹ́fẹ́ ni ìgbín ti ń wá ọ̀rinrin, ìdá 75 sí 95 nínú 100. Ara rẹ̀ kò ní ìpẹ́, kò ní irun, omi ẹ̀rọ̀ tó bò ó nìkan ni aṣọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì máa ń fa omi yẹn lára rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti gbẹ jù, á kó wọ inú ìkarahun, á fi awọ funfun dí ẹnu ọ̀nà, kò ní jẹ, kò ní dàgbà, kò ní yé ẹyin. Títí ibí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìgbín ń gbé nínú oko kòkó. Abẹ́ ewé tó ti já sílẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ igi tó ń jẹrà. Ẹ gbé ewé yẹn kúrò, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀: ó tutù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá sọ ilé ìgbín di àbàtà, afẹ́fẹ́ kò ní ráàyè wọ inú ilẹ̀ mọ́, oúnjẹ á kan, eṣinṣin á yé sí i, ẹyin á jẹrà.

Mo ti ṣe é rí. Báàfù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò dá ìdí rẹ̀ lu, mo sì ń bomi sí i ní alaalẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fi ṣíbí wa ilẹ̀ kí n lè mọ iye ẹyin tí wọ́n ti yé. Òórùn tó kọ́kọ́ jáde ti mí sẹ́yìn. Ẹyin 31 ni mo kà. Ẹyin ìgbín ńlá tiwa máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti dúdú bí eérú tó gba òjò, wọ́n ń fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo pẹ́ lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi ń wọn ilẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe òkè nìkan, ẹ kún ọwọ́, ẹ fún un. Bí omi bá kán láàárín ìka, ó ti pọ̀ jù. Bó bá tú dànù bí gààrí, ó gbẹ. Bó bá dì, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò kàn án, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì: Ẹ má lo amọ̀, ẹ má lo yanrìn. Ilẹ̀dú abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ wá lọ.

Ẹ̀kẹta: Páànù láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kejì, ààrò ni abẹ́ rẹ̀. Ẹ to imọ̀ ọ̀pẹ lé e.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin náà wà níbẹ̀. Ẹ má rà á kí ẹ kàn gbà á gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó lè rí bí ẹrẹ̀, kó má yòrò tán. Ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá kan, ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin títí di ọjọ́ kejì. 75 ló yẹ kó kọ. Tèmi kọ 62. Oṣù mélòó ni mo ti ń da omi sórí ìgbín nítorí 13 tí kò sí níbì kankan! Ẹ ṣe é nínú yàrá, jìnnà sí ìgbín, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín dáadáa, torí iyọ̀ ń pa ìgbín.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wọ́n omi, torí òru ni ìgbín ń jáde. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ lè máà nílò omi rárá. Nígbà ọyẹ́, ẹ bọ àpò ìdọ̀họ sínú omi, ẹ fún un, kí ẹ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ àríwá àti ìlà-oòrùn, níbi tí atẹ́gùn náà ti ń wá. Ẹ má fi ọ̀rá we gbogbo ilé náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n wé bí ẹni di mọ́ín-mọ́ín, ohun funfun bí òwú ti hù bo ilẹ̀ rẹ̀.

Pọ́ǹpù tí ẹ fi fọ́n oògùn apakoríko kò gbọdọ̀ dé ilé ìgbín láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé láti oko kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn sí. Omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ jẹ́ kó sùn nínú báàfù tí kò ní ìdérí kí ẹ tó lò ó.

Ẹnì kẹrin, ìyá àgbà kan ní Ìkọ̀lé, ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó gbẹ. Ó ti kó ọgọ́ta ìkarahun sínú àpò, ó fẹ́ lọ dà wọ́n nù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbóòórùn wọn ná." Ó ní wọn kò rùn. Mo ní kó gbé ọ̀kan lọ́wọ́. Ó ní ó wúwo díẹ̀, awọ funfun sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya awọ náà, kó kàn wọ́n omi lé àpò náà lórí, kó gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti pè mí. Mọ́kànlélógójì ló ti gun ẹnu àpò, ọ̀kan ti dé ara ògiri.