Kí la lè kì sínú ọmọláńgidi tí omi ò fi ní bà á jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi òwú hun ọmọláńgidi tà. Ìrẹsì ni mo máa ń kì sí ìdí rẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Oníbàárà kan fọ tirẹ̀, ó ní ó ti ń rùn, ó sì ti bu. Ṣé kí n máa yan ìrẹsì náà kí n tó lò ó ni?

Ìdáhùn: Má wulẹ̀ dáná sí i. Yíyan á pa kòkòrò inú rẹ̀, àmọ́ bí omi bá kan ìrẹsì, á wú, á sì bu náà ni. Bákan náà ni ẹ̀wà àti àgbàdo. Fáíbà tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí ni kó o lò. Kì í mu omi. Àárín rẹ̀ lásán lomi ń dúró sí, tó o bá fún un, tó o sá a sí atẹ́gùn, ó ti gbẹ. Àjákù fóòmù kò dáa tó o, omi kì í tètè kúrò nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Fáíbà ti fúyẹ́ jù. Kí ló máa jẹ́ kó jókòó?

Ìdáhùn: Bọ́ọ̀lù gíláàsì tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Rán àpò kékeré tí aṣọ rẹ̀ ki, kó o sínú rẹ̀, rán ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó o tó fi fáíbà yí i ká. Tọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 3 ló máa lò ó, yọ bọ́ọ̀lù náà kúrò pátápátá. Tó bá já, ẹnu ló ń lọ. Ìṣó máa ń dípẹtà. Òjé tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n ńkọ́? Rárá! Májèlé ni. Òjé ló pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara ní 2010.

Ìbéèrè: Ìyá àgbà ní òwú àràbà ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìda wà lára òwú yẹn, ihò sì wà nínú fọ́nrán rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Òun ni wọ́n kì sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí atukọ̀ rì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ iná tètè ń ràn án, ó sì ń fò wọ imú: bo imú rẹ tó o bá ń kì í.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀lù jẹ́lì aláwọ̀ mèremère tó ń wú nínú omi ńkọ́?

Ìdáhùn: Má sún mọ́ ọn. Bọ́mọ bá gbé e mì, á máa wú nínú ìfun títí á fi dí i. Ọmọ oṣù 10 kan kú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2023. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, inú ike ìdọ̀tí ni kó o dà á sí. Tó o bá dà á sínú síńkì, á wú dí páìpù.