Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí wíwo roadster àtijọ́ tí a tò ní hot rod

Bí roadster àtijọ́ kan, irú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin, tí wọ́n tò ní hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún tò kó lè sáré, lọ́nà àwọn ọ̀dọ́ Kalifóníà ti àwọn ọdún 1940 bá dúró níbi àfihàn ọkọ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ. Wọn a ní ó ń dán, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì kọjá lọ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ọ̀dà wà lára iṣẹ́ tí a ń ṣe kẹ́yìn. Ohun tí ẹni tó tò ó ti rò fún ọ̀pọ̀ oṣù ni bí ọkọ̀ náà yóò ṣe dúró sílẹ̀, bí imú rẹ̀ yóò ṣe wálẹ̀ tó, bí ìdí rẹ̀ yóò ṣe ga tó, àti bóyá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lè pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ṣoṣo ní ọdún kan náà. Kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ fà sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ lóṣòó títí ojú yín yóò fi bá àárín táyà dọ́gba, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ojú tí a fi ń yẹ tòkunbọ̀ wò ni àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gbé lọ síbẹ̀. Ní ọjà ọkọ̀ l'Ékòó, a máa ń béèrè bóyá "fọ́ọ̀sì bọ́dì" ni. Bí a bá ti rí ibi tí panẹ́lì-bítà ti fọwọ́ kàn, iye rẹ̀ ti já lulẹ̀ lójú wa. Bí ẹ bá gbé ojú yẹn dé ọ̀dọ̀ hot rod, yóò ṣì yín lọ́nà, nítorí pé ọkọ̀ tí a gé, tí a jó pọ̀, tí a sì tún tò ni hot rod láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe bi ẹni tó ni ọkọ̀ náà pé ìgbà wo ni yóò parí rẹ̀ kìkì nítorí pé kò ní mọ́dígáàdì. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sórí adágún gbígbẹ Muroc àti El Mirage nínú aṣálẹ̀ Kalifóníà ló kọ́kọ́ ń tú mọ́dígáàdì kúrò, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kí afẹ́fẹ́ má sì máa fà á sẹ́yìn. Ní ọdún 1937 ni wọ́n dá SCTA (Southern California Timing Association) sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré náà tó sì ń ka àkókò fún wọn. Táyà ẹ̀yìn tó ga ju ti iwájú lọ náà ní ìdí tirẹ̀: bí táyà ẹ̀yìn bá ṣe tóbi tó ni ọkọ̀ ṣe ń jìnnà tó ní ìyípo kan, èyí sì wúlò fún ẹni tí eré àsápajúdé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bá jẹ lógún. Roadster tí kò ní mọ́dígáàdì, tí bọ́dì rẹ̀ sì jókòó sórí ṣáàsì gẹ́gẹ́ bí Ford ṣe gbé e sí, ni wọ́n ń pè ní highboy. Tí wọ́n bá ti rì bọ́dì náà sísàlẹ̀ títí tí ṣáàsì fi wọnú rẹ̀, highboy kọ́ nìyẹn mọ́, bó ti wù kó rẹwà tó.

Dídá ọdún mọ̀ láti ara gíríìlì nìkan tún jẹ́ ọ̀fìn mìíràn, èmi fúnra mi sì ti jìn sí i rí. Mo rí gíríìlì Ford 1932 níwájú ọkọ̀ kan, mo sì fi ohùn òkè kí ẹni tó ni ín kú iṣẹ́ ọkọ̀ 1932 rẹ̀. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ìka sí ìdérí kékeré kan tó wà lórí bọ́dì, níwájú gíláàsì gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdérí táńkì epo ni. Lára Model A, tí Ford ṣe láti 1928 sí 1931, abẹ́ gíláàsì iwájú ni táńkì wà, tí epo ń ti ibẹ̀ ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú kabúrétọ̀. Ní 1932 ni wọ́n gbé táńkì náà lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Bọ́dì Model A lórí ṣáàsì 1932 ni mo ń wò, àdàpọ̀ tó wọ́pọ̀ gan-an, nítorí pé ṣáàsì 1932 gba ẹ́ńjìnnì V8 onísílíńdà mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní ìlà títẹ̀ kan tí ó lẹ́wà bí mọ́dígáàdì kò bá bò ó. Àwọn mìíràn máa ń yọ táńkì iwájú náà, wọn a sì jó ojú ihò rẹ̀ pa, nítorí náà àìsí ìdérí kò tó ẹ̀rí.

Ẹ má sì pe gbogbo ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin ní roadster. Roadster kò ní gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí a ń yí sókè. Èyí tó bá ní in, cabriolet ni.

Ibi ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ni iye agbára ẹṣin rẹ̀, ìbéèrè tí kò ní mú ìdáhùn gidi kan jáde: V8 tí Ford gbé jáde ní 1932 kò ju agbára ẹṣin 65 lọ láti inú 221 cubic inch, ìyẹn bíi lítà 3.6. Ohun tó sọ ọ́ di mánigbàgbé ni pé ó fi V8 sínú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí ọ̀dọ́ aláìlówó sì lè rí i rà ní àlòkù lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Flathead ni wọ́n ń pè é, nítorí pé àwọn fáàfù rẹ̀ wà nínú búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, tí orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ ka ibi tí èéfín ti ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mẹ́ta ni ẹ ó rí, bẹ́ẹ̀ sílíńdà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àwọn méjì tó wà láàárín ń pín ojú kan lò. Kí èéfín náà sì tó jáde, inú búlọ́ọ̀kù ló ń gbà kọjá, láàárín omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń tètè gbóná, tí ó sì fi jẹ́ ìwà àìgbatẹnirò láti ní kí ẹnìkan dá a sílẹ̀ kó máa kù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán nítorí kí a lè ká ohùn rẹ̀ sórí fóònù.

Lókè rẹ̀, ẹ wo kabúrétọ̀. Bí ẹ bá rí 97 tó yọ gbàǹgbà lára irin rẹ̀, Stromberg ni, nọ́ńbà náà sì ń tọ́ka sí ọ̀fun rẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 0.97. Méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Àbàwọ́n epo díẹ̀ lábẹ́ wọn kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Lójú tèmi, ó sàn ju ẹ́ńjìnnì tí kò tíì mi rí lọ.

Àwọn kan máa ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: ohun tó jẹ́ ti àbáláyé àti ohun tó wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Títí di 1938, ọ̀pá àti wáyà ni Ford fi ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́. Ní 1939 ni ó bọ́ sí bíréèkì tí omi bíréèkì ń tì. Ẹni tó bá fi bíréèkì 1939 sára ọkọ̀ 1932 kò ba ohunkóhun jẹ́, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà gan-an ṣe ni. Ẹni tó bá gbé mítà dáṣíbọ́ọ̀dù oníná bíi ti kọ̀ǹpútà síbẹ̀ ti kúrò nínú àṣà. Ẹ má sì fi ọkọ̀ tí bọ́dì rẹ̀ jẹ́ irin tuntun ṣẹ̀sín, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Brookville ń tẹ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí a gé irin tuntun ju kí a fi ayùn ba ojúlówó Ford tó ti la gbogbo ọdún wọ̀nyí já láìfarapa.

Ní ti ìpẹtà, ẹ ṣọ́ra ní ọ̀nà méjèèjì. Ìpẹtà tí a fi oògùn dá lánàá ń purọ́ ọjọ́ orí, kò sì sí ohun tí ẹ ń yìn níbẹ̀. Àmọ́ dídán kò sọ ọkọ̀ di àjèjì sí àṣà: láti 1950 ni àfihàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Oakland ti ń fún roadster tó rẹwà jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ife-ẹ̀yẹ.

Ohun tó kù ni ọwọ́. Ẹ má ṣe fi mágínẹ́ẹ̀tì wá fílà, ìyẹn ohun tí panẹ́lì-bítà fi ń dí ojú irin, lára bọ́dì ẹlẹ́ni, ẹ má fi òrùka gbá ilẹ̀kùn, ẹ sì kó apá agbádá yín mọ́ra kí ẹ tó tẹ̀ wo inú rẹ̀. Ẹ fi "èló ni?" sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí àwọn kabúrétọ̀ náà, kí ẹ sì wá ibi ìjókòó, torí pé yóò pẹ́.