Bí Ajá Alágbára Ṣe Lè Mọ Eré Sá Sí i Nínú Ooru Àbújá

Ara ajá tó kún fún iṣan máa ń tètè gbóná. Torí náà, láàárín oṣù Kẹta sí ìkẹrin, ẹ parí eré kí aago 7 àárọ̀ tó lù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì: bí ẹ ò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, yóò bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá yín.

Ẹ kọ́kọ́ mú un rìn fún ìṣẹ́jú 10. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, eré pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, èyí tí ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé. Ọjọ́ 2, eré àsápajúdé: mítà 80, ìgbà 4, kó sinmi ìṣẹ́jú 3 láàárín wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ẹ fi ìgbà kan kún un, ẹ má kọjá ìgbà 6. Ilẹ̀ oníyanrìn tó gun òkè díẹ̀ ló dára jù fún iṣan itan. Ọjọ́ 2 tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣan ń le. Ajá tí kò tíì pé oṣù 15 kò gbọdọ̀ ṣe àsápajúdé, egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Ẹ má fún un lóúnjẹ ní wákàtí 3 ṣáájú eré: ikùn rẹ̀ lè wú, kó lọ́, kó sì pa á. Túwó nìkan kò tó o. Ẹran, ẹja àti ẹyin ló ń kọ́ iṣan.

Bó bá ṣàdédé lọ́ra, ẹ wo èrìgì rẹ̀. Bó bá funfun, ó ṣeé ṣe kí eégbọn ti kó àrùn ẹ̀jẹ̀ ràn án. Dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe àgbo.

Bí ahọ́n rẹ̀ bá pupa yòò tí kò lè dúró dáadáa mọ́, ooru ti mú un jù: ẹ da omi sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó, ooru yóò há sábẹ́ rẹ̀.