Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ìdílé méjì tó pàdé: bí mo ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Oṣù 8 ṣáájú ìgbà tí a fọkàn sí fún ìgbéyàwó ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti lọ ṣe àyẹ̀wò. A kò tíì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dá owó aṣọ ẹbí. Inú láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí á béèrè ìwé àyẹ̀wò lóòótọ́, àmọ́ ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti jókòó, tí wọ́n ti mú ọjọ́, tí wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn. Bí AS àti AS bá wá jáde lásìkò yẹn (jẹ́nótáìpù nìyẹn, irú hemoglobin, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tí bàbá àti ìyá fún ènìyàn; AS méjì lè bí SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), àwọn kan á pa ìwé mọ́, àwọn kan á wá ẹni tó máa bá wọn kọ òmíràn. Ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, alárinà ló ń bá wọn wádìí bóyá wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé. Àwa fúnra wa la ṣe tiwa. Kálukú jókòó ti àwọn òbí rẹ̀, ó sì béèrè nípa ìran mẹ́ta: òbí àgbà, àwọn òbí wa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, títí dé orí àwa ọmọ. A béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, wárápá, jẹjẹrẹ ọyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wúwo jù ni ti àwọn ọmọ tó kú ní kékeré. Àgbàlagbà kò ní sọ fún yín pé fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n, àbíkú ni wọ́n máa pè é. Bí ẹ bá gbọ́ Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé, ẹ rọra béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ tó ṣáájú rẹ̀. Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú? Ṣé ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bíi ti oníbà pọ́njú? Ṣé egungun máa ń ro ó bí òjò bá rọ̀ tàbí bí ọyẹ́ bá dé? Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ibà lásán pa ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn wúlò fún olùdámọ̀ràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ mú un dání.

Àárọ̀ la lọ. A kò jẹun láti aago 10 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, omi nìkan la mu, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà ń fẹ́ ó kéré tán wákàtí 8 láìjẹun. A mú káàdì ìdánimọ̀ dání, pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tí a ń lò àti káàdì àjẹsára ẹni tó bá ṣì ní i. Ìwé jẹ́nótáìpù tí wọ́n ṣe fún wa nígbà tí a wọ yunifásítì wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò yọ ọ́ síta. Bí òṣìṣẹ́ bá ti rí èsì àtijọ́, ojú rẹ̀ á fẹ́ rí ohun kan náà lórí pépà tuntun.

Kí wọ́n tó gún wa lábẹ́rẹ́, a kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì olùdámọ̀ràn. Ó bi wá ní ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í bi ara wọn: bí èsì bá jáde báyìí, kí lẹ máa ṣe? Ta ló máa gbọ́? Ta ni kò gbọdọ̀ gbọ́? A fọwọ́ sí i pé àwa méjèèjì la óò jọ gba èsì, pé ti HIV ni kálukú yóò kọ́kọ́ dá gbọ́ tirẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Òfin ọdún 2014 wà ní Nàìjíríà tó lòdì sí fífi ojú burúkú wo ẹni tó ní HIV, nítorí náà bí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó bá ń béèrè ìwé, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n.

Igò mẹ́ta ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olómorí àlùkò ni ti jẹ́nótáìpù àti gúrúùpù ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọra dojú rẹ̀ dé bí ìgbà 8, kí wọ́n má jọ̀ ọ́ bí ẹni jọ èlùbọ́. Olómorí pupa ni ti HIV, mẹ́dọ̀wú (hepatitis) B àti C, àti rẹkórẹkó (syphilis). Olómorí eérú ni ti ṣúgà. Ẹ má dìde lórí àga títí ẹ ó fi rí i tí wọ́n kọ orúkọ yín, nọ́ńbà yín àti ọjọ́ sára igò níṣojú yín. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo mọ̀ ní láàbù, igò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí ní kùtùkùtù, tí wọ́n wá kọ orúkọ sí lọ́sàn-án, ni èyí tí ó rọrùn jù láti ṣe, tó sì ṣòro jù láti rí.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn pátákó, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ náà kíákíá kí omi rẹ̀ lè ya, wọ́n á fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ pupa tó kù, wọ́n á wá fọ́ ọ kí hemoglobin inú rẹ̀ lè tú jáde. Ẹ̀kán bíńtín, tí kò ju orí píìnì lọ, ni wọ́n á tẹ̀ sórí pépà funfun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé AS ni wọ́n àti pé AC ni wọ́n (C jẹ́ irú hemoglobin mìíràn tó yàtọ̀ sí A, bíi S). Pépà á wọ inú agbada oníná tí omi bọ́fà, omi oníyọ̀ tó ń gbé iná, wà nínú rẹ̀, pH rẹ̀ (ìwọ̀n ìkan omi) ń lọ sí 8.6, iná á sì wà lórí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí wọ́n bá gbà yín láàyè, ẹ dúró wò ó. Ìlà pupa kan ṣoṣo á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, á sì pínyà lójú yín. A ló yára jù, iwájú ló máa ń wà. S á dúró láàárín. C kì í fẹ́ kúrò nítòsí ibi tí wọ́n ti tẹ ẹ́. AA á ní ìlà kan níwájú. AS á ní méjì, ti A á sì nípọn díẹ̀ ju ti S. Bí ti S bá nípọn ju ti A, kí ẹnikẹ́ni má tíì kọ AS: ó lè jẹ́ SS tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn láìpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa a máa gbé nǹkan bí ọjọ́ 120 lára, nítorí náà ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù 4 gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un, kó sì padà wá nígbà tí àkókò yẹn bá kọjá.

Àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń ba èsì jẹ́: iná tó lọ nígbà tí ìlà kò tíì pínyà, bọ́fà tí wọ́n ti lò jù, àti pépà tí kò ní ẹ̀jẹ̀ àfiwé lórí. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ fi àfiwé sí i?" Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ẹ sì ṣọ́ra fún àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n fi oògùn kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ awò wò ó bóyá ó ń tẹ̀ bíi dòjé. Ohun tí ìyẹn lè sọ ni pé S wà tàbí kò sí. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ lára SS, kò sì rí C rárá. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń pe AC ní AA, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni láàárín Yorùbá, nítorí C wà nínú wa dáadáa. AC tó rò pé AA lòun á fẹ́ AS pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ọmọ SC, tí òun náà ní fòníkú-fọ̀ladìde, á sì wá dé bá wọn.

Lórí ìṣirò, mo fẹ́ràn kí a fi owó ẹyọ ṣe é. Bí bàbá bá jẹ́ AS, ó ní ẹyọ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni A, ojú rẹ̀ ni S. Ìyá tó jẹ́ AS ní tirẹ̀ náà. Ní oyún kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì á da tiwọn sílẹ̀. Ẹ̀yìn méjì jẹ́ AA, ojú méjì jẹ́ SS, ọ̀kan ojú ọ̀kan ẹ̀yìn jẹ́ AS. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti SS. Ẹyọ kì í rántí bó ṣe ṣubú lánàá. Ẹni tó bá sọ pé "ọmọ kan péré nínú mẹ́rin ni, a ó bí mẹ́ta a ó dúró" kò tíì gbọ́ ọ: àkọ́bí lè jẹ́ SS, àbúrò rẹ̀ náà sì lè jẹ́ SS. AA kì í bí SS pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. AS àti AC lè bí SC, ìdá kan nínú mẹ́rin bákan náà. SS àti AA, gbogbo ọmọ wọn á jẹ́ AS. SS àti AS, ìdajì ni ewu.

Èsì tiwa jẹ́ AA àti AS. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a lọ sí láàbù mìíràn, a gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, a kò sì sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ wí. Èsì méjì tó bára mu ni mo ń pè ní èsì. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ HPLC, tó ń wọn ìdá A, S, C àti F (irú ti ọmọ inú oyún) ní nọ́ńbà, kí ó yanjú rẹ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ gbogbo wa: jẹ́nótáìpù tí òbí fún ọmọ kì í yí padà. Bí ìwé bá yí, ọ̀kan nínú ìwé méjì ló ṣìnà. Kódà ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di tuntun, S tó wà nínú àtọ̀ tàbí ẹyin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bí AS méjì bá pàdé, olùdámọ̀ràn tó dára kò ní lé wọn kúrò níwájú ara wọn, kò sì ní tàn wọ́n. Ó máa gbé ọ̀nà tó wà kalẹ̀. Wọ́n lè pínyà. Wọ́n lè gba ọmọ tọ́. Wọ́n lè ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù, níbi tí wọ́n ti ń yọ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ọlẹ̀ ọjọ́ 5 láti wò ó kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Mílíọ̀nù náírà lọ́nà púpọ̀ ló ń jẹ, oyún kò sì dájú. Wọ́n lè lóyún, kí wọ́n sì yẹ oyún wò láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí kí wọ́n fa omi inú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 15. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi èsì yẹn ṣe, nítorí òfin Nàìjíríà kò gba kí wọ́n ṣẹ́ oyún àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Èrò tèmi ni pé kí tọkọtaya tí kò bá lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀nà yìí gbọ́ ọ nínú yàrá yẹn, kí àwọn òbí tó mọ ara wọn.

Gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Pé ọkọ jẹ́ A tí ìyàwó jẹ́ O kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Rhesus ni kí ẹ wò, ìyẹn pọ́sítíìfù tàbí négétíìfù tó máa ń tẹ̀lé gúrúùpù lórí ìwé. Bí obìnrin bá jẹ́ négétíìfù tí ọkùnrin sì jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ lè fẹ́ ara yín, ṣùgbọ́n obìnrin gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ anti-D, tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, ní ọ̀sẹ̀ 28 oyún, kó tún gba òmíràn láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ bí ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù. Oyún tó bàjẹ́ náà ń fẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé. Àkọ́bí kì í sábà ní ìṣòro. Àwọn tó tẹ̀lé e ni ara ìyá máa ń bá jà.

Ti HIV, wọ́n kì í fi ohun èlò kan ṣoṣo pe ènìyàn ní pọ́sítíìfù, wọ́n á fi òmíràn tó yàtọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì négétíìfù náà ní ààlà: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 3 tó kọjá lè má tíì hàn, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ á padà wá. Bí ọ̀kan bá ní i, ìgbéyàwó ṣì ṣeé ṣe. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò kò sì hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnì kejì. Rẹkórẹkó ní ìwòsàn, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ni. Mẹ́dọ̀wú C náà ti ní oògùn oníhóró tí wọ́n sábà ń lò fún ọ̀sẹ̀ 12.

Mẹ́dọ̀wú B ni ìdí tí mo fi ka oṣù 8. Bí ọ̀kan bá ní i, ẹnì kejì nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára 3: ti òní, ti oṣù kan sí i, àti ti oṣù kẹfà. Ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ìkẹta, pé àjẹsára náà ti mú. Wọ́n ń fẹ́ 10 mIU/mL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní i gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbéyàwó kò lè rí àyè gba gbogbo èyí.

Àyẹ̀wò àtọ̀ ni wọ́n tún fi lọ̀ wá. Ojú tèmi ni pé kò pọn dandan kí ènìyàn tó gbéyàwó, àfi ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nídìí kóró abẹ́ rẹ̀ tàbí tí ọ̀kan kò sọ̀ kalẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kó lo igò tí láàbù fún un, kó má lo ọṣẹ tàbí itọ́, kó sì gbé e dé ibẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ibà líle lè rẹ èsì sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, nítorí náà èsì kan tí kò dára kò tó láti fi dájọ́.

Àwa méjèèjì kò ní mẹ́dọ̀wú B, a sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí èsì jáde. Ọjọ́ tí a gba ẹ̀kẹta ló ku ọ̀sẹ̀ 6 sí ìgbéyàwó, ọjọ́ náà ni wọ́n sì fún obìnrin ní folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, kó máa lò ó títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. A kọ jẹ́nótáìpù àti gúrúùpù wa méjèèjì sẹ́yìn káàdì àjẹsára, kí a lè tètè rí i mú jáde nígbà ìforúkọsílẹ̀ oyún.